Orúkọ ni Wọ́n Fi Ránṣẹ́, Wọn Kò Fi Àlàyé Ránṣẹ́: Bí Ìròyìn Oògùn Ìdènà Oyún Ṣe Kọ́kọ́ Dé Kùmásì

Ní oṣù kẹta ọdún 1969, ìjọba ológun tí ó wà lórí àlééfà ní ilẹ̀ Gánà gbé ìwé ìlànà kan jáde nípa iye ènìyàn orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí ìwé náà dúró lé ni pé àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i kíákíá ju bí ọrọ̀ ilẹ̀ náà ti ń pọ̀ lọ, àti pé ìjọba yóò mú ìmọ̀ràn àti ohun èlò ìdènà oyún súnmọ́ àwọn tọkọtaya tí ó bá fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba alágbádá tí K. A. Busia jẹ́ olórí rẹ̀ gbé àṣẹ mìíràn jáde: àjèjì yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní láti gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò nílùú. Ìyá mi ń ta ọṣẹ, ṣúgà àti sàdíìnì ní ọjà ńlá Kùmásì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kejetia, ní ọdún náà. Àṣẹ kejì yé e yékéyéké kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Wọ́n sọ ọ́ ní Twi, wọ́n sọ ọ́ ní Hausa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìgbẹ́tì tí wọ́n jọ ń pàtẹ sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ara wọn láti orí àtẹ dé orí àtẹ. Ní ti ìwé oṣù kẹta, èyí tí ó kan ara rẹ̀ àti ilé-ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, tí ó sì kó ọmọ márùn-ún lẹ́yìn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni ìkẹta nínú wọn.

Mo mú ọ̀rọ̀ ìwé méjèèjì yìí wá síwájú ẹ̀yin onímọ̀ èdè àti olùkọ́ èdè nítorí àròyé kan tí ó ti di orin àkọ́túnkọ lẹ́nu àwọn tí ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìlera ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní nígbà tí oògùn oníhóró tí a fi ń dènà oyún kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa, àìmọ̀kan àti àṣà àtayébáyé ni kò jẹ́ kí wọ́n tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ pé èdè abínibí kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọn kò fi àlàyé ránṣẹ́. Nígbà tí ó sì yá, ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní aláìgbọ́ràn. Ìpín tí ó kan àwa onímọ̀ èdè nínú ẹ̀bi náà kò kéré, òun gan-an ni mo sì ń bọ̀ wá fà yọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ìròyìn yìí ti fi ìbòjú wọlé. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn kọ́kọ́ fọwọ́ sí Enovid ní ọdún 1957, wọ́n ní àìṣedéédéé nǹkan oṣù ni ó wà fún. Ìkìlọ̀ kan bá a rìn pé kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin jáde. Ìkìlọ̀ yẹn ni ó di ìpolówó. Kí ọdún 1959 tó parí, iye àwọn obìnrin tí ń lò ó ti tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù, gbogbo wọn ni nǹkan oṣù wọn sì ṣàdédé dàrú! Ọdún 1960 ni àjọ náà tó sọ ọ́ ní gbangba pé ìdènà oyún ni. Ní Jámánì, Schering gbé Anovlar jáde ní ọdún 1961, ìnira nǹkan oṣù náà ni wọ́n tún fi bò ó lójú, obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ni wọ́n sì kà á sí ẹ̀tọ́ fún. Ṣáájú gbogbo èyí, ní ọdún 1956, àwọn obìnrin aláìní ní Río Piedras ní erékùṣù Puerto Rico ni Gregory Pincus àti John Rock fi dán oògùn náà wò. Wọ́n sọ fún wọn pé wọn kò ní lóyún. Wọn kò sọ fún wọn pé àdánwò ni. Edris Rice-Wray, dókítà obìnrin tí ó mójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀, jábọ̀ pé obìnrin 17 nínú 100 ni òòyì, èébì, orí fífọ́ àti inú rírun ń bá jà, àti pé ìnira náà ti pọ̀ jù fún oògùn tí gbogbo ènìyàn yóò máa lò. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀làjú pàápàá, ojú fèrèsé ni ìròyìn náà gbà wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èròjà tí wọ́n fi ṣe oògùn náà nígbà àkọ́kọ́, ara iṣu ni wọ́n ti rí i. Iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò kan ni Russell Marker ń wú ní àwọn ọdún 1940, ara rẹ̀ ni ó sì ti ń fa èròjà náà yọ. Ní ọdún 1951, Carl Djerassi, Luis Miramontes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ Syntex ní Mexico City fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ ṣe norethisterone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ó bí pílì. Iṣu o! Asante àti Yorùbá, àwọn tí kì í jẹ iṣu titun láì kọ́kọ́ ṣọdún fún un, ni wọ́n wá ń sọ fún pé ọ̀rọ̀ náà ga ju èdè wọn lọ. (Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnìkan má baà ṣì mí gbọ́: iyán kì í dènà oyún. Yàrá ìwádìí ni wọ́n ti yí èròjà náà padà kí ó tó di oògùn.)

Ní Gánà, ọ̀nà tí ìròyìn náà gbà wọlé fi ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn hàn. Ọdún 1961 ni Àjọ àwọn Ìjọ Kristẹni ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tọkọtaya nímọ̀ràn lórí ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí. Ní ọdún 1963, John Caldwell, onímọ̀ nípa iye ènìyàn tí ó wá láti Australia, ṣe ìwádìí ní ìlú mẹ́rin tí ó tóbi jù lọ: Accra, Kùmásì, Sekondi-Takoradi àti Cape Coast. Àwọn tí ó bi ní ìbéèrè ni àwọn tọkọtaya tí ọrọ̀ ajé wọn rọ̀ṣọ̀mù. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1968, àkòrí rẹ̀ kò fi bò rárá, àwọn ọ̀tọ̀kùlú titun ìlú ńlá ni ó dárúkọ. Èmi kò bá Caldwell jà, nítorí iṣẹ́ tí ó yàn ni ó ṣe, ó sì ṣe é dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: lára àwọn tí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ní Kùmásì bóyá wọ́n mọ ohun tí a fi ń dènà oyún, alátẹ kò sí níbẹ̀, alábàárù kò sí níbẹ̀, aya alágbàṣe tí ń gbé ní Zongo kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Planned Parenthood ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1968, Póòpù Paul Kẹfà gbé Humanae Vitae jáde, ó sì dájú pé àwọn Kátólíìkì kan wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ka oògùn náà léèwọ̀ fún wọn ni wọ́n mọ̀ pé ó wà láyé. Ìwé ìlànà tẹ̀lé e ní ọdún 1969. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni ètò ìjọba fúnra rẹ̀ tó gbéra. Iléeṣẹ́ rédíò ìjọba ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń sọ Akan, Ga, Ewe, Nzema, Dagbani àti Hausa. Yorùbá kò sí nínú wọn, bí àwọn Yorùbá ti pọ̀ tó ní àwọn ọjà ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ni a ó máa fi ìyẹn ṣe lẹ́jọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970, àwọn tí yóò gbọ́ Yorùbá náà ti ń wá ìdí àtẹ titun ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnìṣà àti Ṣakí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìròyìn náà ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí ó ka iṣẹ́ Wolf Bleek. Orúkọ ìbòjú ni ìyẹn. Sjaak van der Geest, ará Netherlands, ni ó ń jẹ́, ó sì fi orúkọ náà dáàbò bo àwọn tí ó fi àṣírí hàn án. Ìlú kékeré kan ní agbègbè Kwahu, lọ́nà Accra sí Kùmásì, ni ó gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó pè ní ìtakora. Ìjọba ń polówó ètò fún ẹbí, ìyẹn fún ìyàwó ilé tí ó bá fẹ́ kí ààyè wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ lógún jù lọ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì lọ́kọ tàbí láya, tí ń wá bí wọn kò ṣe ní lóyún rárá. Àwọn wọ̀nyí kò lọ sí ilé-ìwòsàn. Lẹ́nu ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti gbọ́, ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ni wọ́n ti rà á, ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti lò ó. Olóògùn kò bi wọ́n léèrè ọkọ, kò sì ṣàlàyé.

Onímọ̀ èdè kò gbọ́dọ̀ ka ìtakora yẹn tán kí ó pa ìwé dé, nítorí nínú ọ̀rọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ronú kan gbólóhùn náà, ẹbí tí wọ́n sì ń wí ni ọkọ, aya àti àwọn ọmọ wọn. Láàárín àwọn Akan, abusua ni ẹbí, ìdílé ìyá sì ni. Ọkọ kì í ṣe ara abusua aya rẹ̀. Bí o bá sọ fún obìnrin Asante kan pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó kí wọ́n ṣètò ẹbí wọn, ẹbí ta ni o ń wí? Àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò mú kí abusua rẹ̀ gbèrú, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ni. Ìbéèrè yìí yẹ kí ó ti jẹ yọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kálámù láti túmọ̀ ìwé pélébé kan ṣoṣo.

Kí a má baà máa fi àlébù aládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí: ta ni nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n? Mo gbà pé ọlọ́gbọ́n ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. A lè kọ ọ́ sára ògiri, a lè sọ ọ́ níwájú àna, kò ti ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi tini lójú ni pé kò sọ nǹkan kan. Ètò wo? Ta ni ó ń ṣe é? Kí ni hóró kékeré náà lọ ń ṣe nínú ara? Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ bíbí tí ó wà nínú rẹ̀ ti lé ọmọbìnrin tí kò fẹ́ bímọ rárá lásìkò yìí síta kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtakora tí Bleek rí ní Kwahu wà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo. Kí ó tó kan èyí, àwọn ìyá wa ti mọ ètò. Wọ́n ń fún ọmọ lọ́yàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọn kì í sì í súnmọ́ ọkọ ní gbogbo àkókò náà. Wọ́n mọ ìgbàdí, wọ́n mọ òrùka. Àwọn ni wọ́n ń sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Èwo wá ni ìròyìn nínú kí a tún máa sọ fún wọn pé kí wọ́n fètò sí i? Ohun tí ó jẹ́ ìròyìn ni bí oògùn titun náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun náà ni wọn kò sì sọ. Ní Nàìjíríà, ìlànà ìjọba ti ọdún 1988 sọ iye ọmọ tí obìnrin ní láti bí di mẹ́rin. Ní ọdún 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu kọ orin sí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Johns Hopkins. Orúkọ orin méjèèjì ni “Choices” àti “Wait for Me”. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan ìyá mi nìyí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti dé láti Kùmásì, ó sì ti bí ẹ̀kẹfà, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ní ilé-ìwòsàn kan fi páálí oògùn lé e lọ́wọ́. “Ìyá, ọ̀kan lójúmọ́. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni.” Ó parí. Ìwé tí wọ́n ká sínú páálí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní oṣù kejì, ẹ̀jẹ̀ tí ìyá mi ń rí kò tó ìdajì èyí tí ó ń rí tẹ́lẹ̀. Ó padà lọ, ó bi wọ́n léèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ tí ó kù wà. Wọ́n ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó bi àwọn obìnrin ilé, àwọn wọ̀nyí sì dá a lóhùn: ó ń dì sí ọ inú, yóò di kókó, yóò sì ba ilé-ọmọ jẹ́. Ó da oògùn náà sí ààtàn. Àbúrò mi àbíkẹ́yìn ni oyún tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lẹ́yìn ìbí náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyá wa. Lára káàdì rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo kà nígbà tí mo dàgbà tí mo sì mọ̀wé: pé aláìsàn náà kọ oògùn.

Ta ni ó kọ̀? Ó béèrè ìbéèrè kan tí ó mọ́gbọ́n wá, àwọn tí ó mọ ìdáhùn kò dá a lóhùn, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì fi làákàyè dá a lóhùn. Àwọn ìwé kún fún àtòjọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, láti Gánà títí dé Nàìjíríà: oògùn ń kó jọ sínú ikùn, oògùn ń sọni di àgàn. Àhesọ ni wọ́n ń pè é. Mo ní ìtumọ̀ ni, iṣẹ́ ìtumọ̀ tí àwọn tí a gbé e fún sá fún, tí àwọn aládùúgbò wá bá wọn ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde gbọ́dọ̀ wà ní ibì kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ronú báyìí nínú kíláàsì, a ó yìn ín, a ó sì tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ìdáhùn náà níhìn-ín, kí a lè mọ̀ bóyá èdè ni kò lè gbé e. Lóṣooṣù, ẹyin kan máa ń gbó nínú ilé-ẹyin obìnrin, a sì jáde kí àtọ̀ ọkùnrin lè bá a pàdé. Kí ó tó gbó, ọpọlọ ni ó ń fi ìránṣẹ́ kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti sọ fún ilé-ẹyin pé àkókò tó. Bí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ a pèsè ìránṣẹ́ mìíràn, èyí tí ń sọ fún ọpọlọ pé ilé ti ní àlejò, kí ó má pe ẹyin mìíràn jáde. Àwòrán ìránṣẹ́ kejì yìí ni oògùn náà. Bí obìnrin bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, ọpọlọ a rò pé àlejò ti wà nílé, kò sì ní pe ẹyin. Oògùn náà tún ń mú kí omi ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ ki, kí àtọ̀ má lè là á kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ oṣù jẹ́ ibùsùn tí ilé-ọmọ tẹ́ de ọmọ. Bí ọmọ kò bá wá, a ká ibùsùn náà dànù. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ibùsùn náà nípọn, nítorí náà èyí tí a ń ká dànù kò ní pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò fara pamọ́ síbì kankan. Nínú páálí tí ó wọ́pọ̀, hóró 21 ni ó ní agbára nínú. Ọjọ́ méje tí ó kù ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fi ń wá. Bí obìnrin bá dá a dúró, ẹyin yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kì í sọni di àgàn. Ó lè mú èébì, orí fífọ́ tàbí kí ọyàn máa dunni ní oṣù àkọ́kọ́. Ewu tí ó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tí ó lágbára ni kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àti ẹni tí ó ń mu sìgá tí ó sì ti lé ní ọdún 35, kò gbọdọ̀ lò ó láì rí dókítà. Ìyá ọmọ ọwọ́ tí ń fọ́mọ lọ́yàn, irú mìíràn ni ó yẹ kí wọ́n fún un. Mo ti parí. Bí a bá yọ dókítà, páálí àti sìgá kúrò, ọ̀rọ̀ àyálò wo ni ó wà níbẹ̀?

Wọn yóò ní irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ ní gbangba, pé Ọmọlúàbí kì í sọ̀kò ọ̀rọ̀. Èmi náà mọ̀ pé Yorùbá a máa dáṣọ bo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti dáṣọ bò ó, a mọ ibi tí a ti ń ṣí i. Ẹni tí ó ti jókòó níbi ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tàbí tí ọdún Òkè'Bàdàn ti bá nígboro rí, kò ní bá mi jiyàn pé a kì í dárúkọ nǹkan ọkùnrin àti ti obìnrin láàárín ìlú. Àwọn Asante ní bragoro, ètò tí àwọn ìyá fi ń mú ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù wọ ẹgbẹ́ obìnrin. Peter Sarpong, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Kùmásì, kọ odidi ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1977. Àyè ọ̀rọ̀ náà wà, agbọ̀rọ̀sọ rẹ̀ wà, ọjọ́ rẹ̀ wà. Ojú kò ti èdè náà. Ẹni tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú ni ojú ń tì.

Ẹ padà wá sí ọdún 1970 pẹ̀lú mi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, aṣòfin Gaylord Nelson pe ìpàdé ìwádìí ní Washington lórí ewu oògùn yìí, lẹ́yìn tí ìwé Barbara Seaman ti tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún 1969. Wọn kò pe obìnrin kan tí ó ń lo oògùn náà láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Alice Wolfson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n ń pariwo pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún àwọn. Igbe náà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ ní ọdún yẹn kan náà pé kí ìwé ìkìlọ̀ tí obìnrin lè fúnra rẹ̀ kà máa bá oògùn náà rìn. Oògùn náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ yí padà: Enovid àkọ́kọ́ ní tó mílígírámù 10 nínú hóró kan, ọ̀pọ̀ nínú ti òde òní kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní èdè tí wọ́n lè fi pariwo, èdè náà ni wọ́n sì fi dá wọn lóhùn. Ní oṣù karùn-ún, ètò ilẹ̀ Gánà bẹ̀rẹ̀.

Ohun kẹta tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1970, tiwa ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú èdè Yorùbá, ó sì yọrí sí rere. Nítorí náà, a kò lè sọ pé a kò mọ̀ pé ó ṣe é ṣe. Kí ni a wá fi ìmọ̀ náà ṣe? Ní ọdún 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá. Ní ọdún 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì. Mo fi ìwé méjèèjì kọ́ni fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, mo sì ń dúpẹ́ fún wọn. Láti inú wọn ni a ti ń pe fáwẹ́lì ní fáwẹ́lì, tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa mọ́fíìmù àti lítíréṣọ̀ láì kọsẹ̀. A ṣẹ̀dá orúkọ fún gbogbo ohun tí àwa fúnra wa fi ń jẹun. Àwọn ìyá tí ó kó páálí oògùn dání ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Zongo Kùmásì, a fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn atúmọ̀ tí ń gba owó lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Lónìí, wọn a máa sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ti mọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn ìmọ̀ náà. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n máa ń ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Gánà àti Nàìjíríà, ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa ọ̀nà ìdènà oyún kan ni wọ́n ń kà sí ẹni tí ó mọ̀. Gbígbọ́ ni wọ́n pè ní mímọ̀. Bí a bá fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin tí kò mọ̀ ní Gánà. Síbẹ̀ ní ọdún 2014, nínú 100 obìnrin tí ó wà nílé ọkọ níbẹ̀, 22 ni ó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé kan. Ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, 12 ni. N kò sọ pé àlàyé nìkan ni ó sọnù láàárín iye méjèèjì. Owó wà níbẹ̀, ọkọ wà níbẹ̀, ìfẹ́ ọmọ sì wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ sì ni. Mo kàn ní kí a má ṣe fi orúkọ gbígbọ́ dípò ìmọ̀. Ọmọbìnrin tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní Kejetia tàbí ní Dùgbẹ̀ lónìí mọ orúkọ Postinor dáadáa. Ẹ bi í bóyá ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti hóró ojoojúmọ́.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìwé kan tí ó ti inú páálí oògùn jáde, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá láì ṣe ìtumọ̀ olójú-ewé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe é. A jiyàn lórí ìránṣẹ́ àti ibùsùn. Ọ̀kan nínú wọn ní ibùsùn ti lẹ́wà jù, kí a lo ẹní. Nígbà tí a parí, mo mú un lọ sílé, mo kà á fún ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé bí obìnrin bá gbàgbé ọ̀kan nítorí ọjà ńkọ́? Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ronú kan ọjà. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a fi í kún un: bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ni o gbàgbé, gbé e mì bí o bá ti rántí, bí ó tilẹ̀ di méjì ní ọjọ́ kan, kí o sì máa bá ìyókù lọ ní àkókò rẹ̀.